Ọdẹ́jìnmí ní Ìlú Afaṣọbẹnu

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ń kánjú lọ sóko kó tètè dìde báyìí, torí pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Gbogbo ẹran tí mo ti pa láyé mi, bí a bá tò wọ́n sílẹ̀ láti abẹ́ igi tí a wà yìí, ìrù èyí tó gbẹ̀yìn yóò wà lẹ́nu odi ìlú kejì, àwọn ará ibẹ̀ yóò sì máa bú wa pé a dí ọ̀nà àwọn. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́jìnmí olóògbé ni, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí a jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ ọ̀gá kan náà. Ìgbà méje ló sọ ọ́ fún mi kó tó kú, kò sì yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Làmídì, mo rí ọ tí ò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí o bá mọ̀ pé irọ́ ni, bọ́ síbí wá sọ òótọ́ tìrẹ.

Ọdẹ́jìnmí ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kan bàbá rẹ̀ yìnbọn pa ẹtu kan nínú igbó, ó sì bá ọmọ ẹtu náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ló bá gbé e wálé fún Àwẹ̀ró. Ọmọ náà tọ́ ẹtu yìí bí ẹní tọ́ àbúrò. Ó sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́. Ó ń já ewé fún un, ó ń bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹtu náà sì ń tẹ̀ lé e lọ sódò. Ó wá di ọjọ́ kan, Olúọ́dẹ àti ìjòyè rẹ̀ méjì ṣàdédé yà sílé Ọdẹ́jìnmí, kò sì sí ẹran nílé. Ọdẹ́jìnmí fa ẹtu náà lọ sẹ́yìn ilé, ó pa á. Àwẹ̀ró ti odò dé, ebi ń pa á, wọ́n bu oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì pọ́n ọwọ́ lá. Lẹ́yìn náà ló lọ pe Àṣàkẹ́ lẹ́yìn ilé, awọ tí wọ́n sá sára ògiri ló rí. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí kò la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó di oṣù mẹ́fà, ó di ọdún kan àbọ̀. Wọ́n po àgúnmu fún un, wọ́n se àgbo fún un, wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ọmọ ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́ ilé, ṣùgbọ́n kò sọ gbólóhùn kan. Ọ̀rọ̀ náà wá rú Ọdẹ́jìnmí lójú ju gbogbo ohun tó ti rí nínú igbó lọ.

“Ẹran ni mo pa,” ló máa ń wí fún ìyàwó rẹ̀. “Ẹran ni! Iṣẹ́ mi sì ni. Ṣé èèyàn ni mo pa ni?”

“Bàbá Àwẹ̀ró, èmi ò sọ pé kì í ṣe ẹran,” ni obìnrin náà ń dá a lóhùn. “Ohùn ọmọ mi ni mo fẹ́ gbọ́.”

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí sú u, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó búra pé òun kò ní padà wálé àfi tí òun bá rí ohun tí yóò la ẹnu ọmọ òun, ó sì wọ igbó lọ.

Igbó tó wọ̀ yìí kì í ṣe irú igbó tí ẹ̀yin ń pa òkété nínú rẹ̀ o. Àwọn igi ibẹ̀ ń yí ipò padà bí ènìyàn bá ṣẹ́jú. Ó rìn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó rí ipasẹ̀ ọdẹ kan níwájú, inú rẹ̀ dùn pé òun ti ní ẹnìkejì, ó tọ ipasẹ̀ náà lọ títí ó fi mọ̀ pé tòun alára ni. Ní ọjọ́ kẹrin ẹranko abàmì kan yọ sí i, ó ga bí ilé, irun rẹ̀ ń jó lala bí iná. Ọdẹ́jìnmí yìnbọn sí i. Ọta jáde, ó dúró lójú òfuurufú, ó yíjú padà, ó ní, “Ta ni o ní kí n lọ bá?”

Ọdẹ́jìnmí ní, “Èyí tó wà níwájú rẹ yẹn.”

Ọta ní, “Kí ni orúkọ rẹ̀?”

Ọdẹ́jìnmí ní òun kò mọ̀. Ọta náà kẹ́dùn, ó padà sínú ìbọn, ó sùn. Ẹranko náà wo Ọdẹ́jìnmí bí ẹni tí àánú ń ṣe, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi dúró síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun sá ni tàbí kí òun dúpẹ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, mi ò bá ti lu ọta náà lábàrá, ṣùgbọ́n èèyàn jẹ́jẹ́ ni Ọdẹ́jìnmí.

Kò pẹ́ tó fi bá iwin kan pàdé tó ní orí méjì lórí ọrùn kan. Ó kí i, ó sì sọ ohun tó ń wá. Orí àkọ́kọ́ ní, “Ọ̀dọ̀ àwọn tó bo ẹnu wọn ni kí o lọ, àwọn ni yóò la ẹnu ọmọ rẹ.” Orí kejì ní, “Má dá a lóhùn, òmùgọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tó bo ẹnu wọn ni kí o lọ.” Orí àkọ́kọ́ ní ohun tí òun sọ náà nìyẹn. Orí kejì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ń bú ara wọn, wọ́n sì jọ fi ọwọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní tọ́ka sí ọ̀nà kan náà. Ọdẹ́jìnmí gba ọ̀nà ibẹ̀. Lójú ọ̀nà ó fi okùn dẹ ìgalà kan, ó yan itan rẹ̀ gbẹ, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ ń ṣe: bí a bá wọ ìlú tí a kò dé rí, itan ẹran la fi ń kí ẹni tó ni ìlú.

Lẹ́nu odi ìlú náà ó bá bàbá arúgbó kan tó jókòó sáàárín ewé ọ̀pẹ gbígbẹ rẹpẹtẹ, ó ń fi irin ṣóńṣó kọ nǹkan sára wọn. Pálásírì ni orúkọ rẹ̀, ọ̀mọ̀wé ni. Kò kí àlejò káàbọ̀, ńṣe ló na ọwọ́ sí ìkòkò kan, ó sì fi èdè àlejò náà béèrè:

“Kí lẹ ń pe èyí nílùú yín?”

“Omi,” ni Ọdẹ́jìnmí wí.

“Kí ló dé tí ẹ fi ń pè é ní omi?”

“Torí pé omi ni.”

Pálásírì bú sẹ́rìn-ín, ó ní láti ẹgbẹ̀rún ọdún tí òun ti ń béèrè, ìdáhùn tó dára jù nìyẹn. Ó ki ewé ọ̀pẹ kékeré kan bọ abẹ́ fìlà Ọdẹ́jìnmí, láti ìgbà náà ló sì ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nílùú náà. Ẹ má bi mí bí ó ṣe ṣeé ṣe. Bí mo bá mọ̀ ọ́n ni, ọ̀dọ̀ yín kọ́ ni mi ò bá jókòó sí.

“Gbogbo wa tó wà níbí,” ni Pálásírì wí, “a ti kú láyé ọjọ́ pípẹ́. Ọba ni àwọn kan nínú wa, olùkọ́ ẹ̀sìn ni àwọn kan, ọ̀mọ̀wé ni irú èmi. Èdè kan ló so wá pọ̀, Pàkíríìtì ni wọ́n ń pè é. Nílẹ̀ Íńdíà tí a ti wá, àwọn èèyàn ńláńlá ní èdè kan tí wọ́n ti fọ̀ tí ó dán, òun ni wọ́n fi ń gbàdúrà, òun ni wọ́n fi ń yan. Àwa ní ká gbé èyí tí àwọn obìnrin ń sọ létí kànga, èyí tí darandaran fi ń pe màlúù. Òun la fi kọ́ni lẹ́sìn, òun la gbẹ́ sára òkúta. Èmi ni mo kọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ sílẹ̀.”

Ọdẹ́jìnmí ní, “Ta ni ẹ wá kọ ọ́ fún, nígbà tí gbogbo yín ti gbọ́ ọ?”

“Àwọn tó gbọ́ ọ ti kú,” ni Pálásírì wí. “Àbí o kò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?”

Orí Ọdẹ́jìnmí ń pòòyì. Ó wọ ìlú, ó rí ọkùnrin kan lórí àkàbà lẹ́bàá ọ̀nà, eruku bò ó látòkè délẹ̀, ó ń fi òòlù gbẹ́ òkúta ńlá kan, ó sì ń kọrin. Orin náà ní: Ọkọ mi ní òun á dé kí òjò tó dé, òjò ti wá dé, ẹ bá mi bi òjò bóyá ó rí i lọ́nà.

“Ọ̀gbẹ́ni,” ni Ọdẹ́jìnmí pè é, “ibo ni ààfin ọba wà?”

Ọkùnrin náà ní, “Orí àkàbà ni ó wà lónìí.”

Ọba Jàyábálà fúnra rẹ̀ ni! Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ọba ní kó dìde, ó ní orin obìnrin àgbẹ̀ kan ni òun ń gbẹ́ sórí òkúta, torí pé àwọn akéwì ààfin ń fi èdè dídán yin òun láràárọ̀, òun kò sì tíì rí èyí tó wọ òun lára tó orin yìí nínú tiwọn. Ọ̀rẹ́ mi gbà pé orí ọba yìí kò pé, ṣùgbọ́n ó rọra gbé e mì. Ó sọ ohun tó bá wá. Ọba ní kó lọ bá Súmbáhà, olùkọ́ àgbà, lábẹ́ àpáta.

Súmbáhà ti darúgbó débi pé egungun rẹ̀ ṣeé kà lára. Aṣọ funfun kékeré kan bo ẹnu rẹ̀, kí èémí rẹ̀ má baà pa kòkòrò tín-tìn-tín tó ń fò kọjá. Ọwọ̀ òwú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń gbá iwájú ara rẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀, kó má baà tẹ èèrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìlú wọn ní Ìlú Afaṣọbẹnu. Níwájú irú àwọn ènìyàn yìí ni Ọdẹ́jìnmí kúnlẹ̀, tó tú àpò, tó fi tayọ̀tayọ̀ gbé itan ìgalà kalẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bínú. Ìbá sàn bí wọ́n bá bínú. Ńṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, Súmbáhà sì tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé itan náà.

“Kí ni orúkọ rẹ̀?”

“Ìgalà ni, Bàbá.”

“Irú ẹ̀dá tó jẹ́ nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni mo béèrè.”

“Bàbá, ẹran kì í ní orúkọ,” ni Ọdẹ́jìnmí wí, ṣùgbọ́n bó ti sọ ọ́ ni nǹkan gún un láyà, torí pé ó mọ ẹyọ ẹran kan tó ní orúkọ. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n sin itan ẹran náà. Ọdẹ́jìnmí dúró tì wọ́n, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, kò mọ̀ bóyá kí òun bá wọn sunkún tàbí kí òun tọrọ gáfárà pé ebi ń pa òun.

Nígbà tí wọ́n jókòó, ó ro gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ fún Súmbáhà, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Arúgbó náà gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ohun tí o ń wá wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún la máa ń gbé e jáde, nígbà tí òjò bá fẹ́ dá. Òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo oṣù mẹ́rin òjò, ojú kan làwa olùkọ́ ń jókòó sí, torí pé ẹ̀dá kéékèèké pọ̀ lórí ilẹ̀. Bí o bá lè dúró, dúró.”

Ọdẹ́jìnmí dúró. Kí ló fẹ́ ṣe? Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti dènà de erin fún ọjọ́ mọ́kànlá láìwúkọ́, mo sì sọ fún yín pé ìdúró rẹ̀ yẹn le ju tèmi lọ. Ó ń fi aṣọ sẹ́ omi kó tó mu ún. Ó ń jẹun kí oòrùn tó wọ̀, kí kòkòrò má baà bá iná oúnjẹ kú. Ó ń gbálẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, òun tí igbó ń wárìrì fún! Bí ẹ̀fọn bá bà lé e, á gbé ọwọ́ sókè, á rántí, á sì sọ ọwọ́ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n mú níbi olè. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè oògùn. Lójoojúmọ́ ni Súmbáhà ń ní kó gbálẹ̀.

Ní àárọ̀ kan ó bá arúgbó náà tó ń ka ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn lórí, láti ìbẹ̀rẹ̀, láìwo ìwé. Ó dé ibì kan, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn.

“Kí ló wà níbi tí ẹ fò, Bàbá?”

“A kò mọ̀ mọ́,” ni Súmbáhà wí. “Ìyàn mú nígbà kan, àwọn tó mọ apá ibẹ̀ kú kí wọ́n tó kọ́ ẹlòmíràn. Ìyẹn ni mo fi mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ṣe rí. Èmi náà máa ń tẹ́tí sí ibi tí ohùn ti dákẹ́ yìí.”

Ọdẹ́jìnmí kò rí ohun tó fi ìyàn àti ọmọ rẹ̀ jọra, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kún fún omijé, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Láti kùtùkùtù ni gbogbo ìlú ti jáde. Ọdẹ́jìnmí ń retí ìgò tàbí àdó, ó ti bọ́ fìlà tòun ti ewé ọ̀pẹ abẹ́ rẹ̀, ó sì ti ní àpò lọ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni Ọba Jàyábálà tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú obìnrin tó ń pọnmi fún ààfin, tó pa ọwọ́ pọ̀, tó ń wí pé, “Mísámi dúkádà.” Obìnrin náà sì dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ó wo òkè, Pálásírì ń kúnlẹ̀ fún darandaran. Ó wo ìsàlẹ̀, ìyá ń kúnlẹ̀ fún ọmọ. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Súmbáhà ti dé iwájú rẹ̀, ó gbálẹ̀, ó tẹ eékún méjèèjì tó ti gbẹ náà sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó jẹ́ nílẹ̀ wa bí àgbàlagbà tó tó baba ńlá ẹni bá kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Èpè ni! Èpè tí kò ní ẹ̀rọ̀! Ọdẹ́jìnmí ké, “Bàbá, kí ni mo ṣe yín?” Ó kọ́kọ́ fi àyà lélẹ̀ gbalaja, kó lè wà nísàlẹ̀ arúgbó náà. Ẹ̀rù tún bà á, ó fò dìde, ó sì sá. Kò gbálẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó sá títí ó fi dé ẹ̀yìn òkúta tí ọba ń gbẹ́, ó lúgọ síbẹ̀, ó ń ka ìka, ó ń retí ibi tí èpè náà yóò ti kọ́kọ́ mú un lára.

Pálásírì ló wá a rí. “Ta ló ní èpè ni?” ló béèrè, nígbà tí Ọdẹ́jìnmí sọ̀rọ̀ tán. “Ohun tí à ń sọ ni pé kí ibi tí mo ṣe di òfo. Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, mo mọ̀ tàbí n kò mọ̀, foríjì mí. Súmbáhà dá ọ dúró fún oṣù mẹ́rin, ó mọ̀ pé ọkàn rẹ wà nílé. Ohun tó ń tọrọ àforíjì lé lórí nìyẹn.”

“Oògùn náà wá ńkọ́?”

Ọ̀mọ̀wé náà fà á dìde lẹ́yìn òkúta. “Ọdẹ,” ló wí, “o ti rí i láàárọ̀ yìí. O sì sá fún un.”

Ọdẹ́jìnmí dé fìlà rẹ̀ padà, ó lọ bá Súmbáhà, ó ní kó kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ náà kí òun lè lọ kà á sórí ọmọ. Arúgbó náà kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ní, “Ọmọ mi, èdè tiwa ni. Bí àwa bá fẹ́ fi èdè tó jìnnà sí etí ènìyàn bá a sọ̀rọ̀, a ò bá ti bá àwọn èèyàn ńláńlá jókòó. Máa lọ. Mo ti dá ọ dúró tó.”

Bí ó ṣe gba inú igbó padà, n kò ní fi ìyẹn dá yín lágara. Iwin olórí méjì ṣì ń jà, ó kí wọn kọjá. Ohun tó ń bá a jà lọ́nà kì í ṣe iwin. Ó ń rò ó pé: kí èmi baba kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí? Kí ni Olúọ́dẹ yóò wí? Kí ni àwọn ará ilé yóò máa pè mí? Ṣé torí ẹtu? Á rìn díẹ̀, á dúró, á bá ara rẹ̀ jiyàn sókè, á tún rìn. Ó ní òun kò tíì dààmú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Ọ̀sán ni ó wọlé. Ìyá Àwẹ̀ró ń pa ẹ̀gúsí níwájú ilé, Àwẹ̀ró jókòó tì í. Ìyàwó rẹ̀ ké “Ẹ káàbọ̀!”, ó fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí na ọwọ́ dá a dúró. Ó dúró ṣánṣán, ìbọn léjìká, ó sì ké sórí ọmọ náà bí ẹni tó ń pe ọfọ̀: “Mísámi dúkádà! Mísámi dúkádà! Mísámi dúkádà!”

Àwẹ̀ró wò ó. Ó mú ẹ̀gúsí mìíràn, ó pa á.

“Bàbá Àwẹ̀ró,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, “kí ni gbogbo èyí?”

Ojú ti Ọdẹ́jìnmí. Ó rí i pé bí òun bá dúró síbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, tí òun ń ké e, òun kò tíì sọ ohunkóhun fún ọmọ yìí. Ó sọ ìbọn kalẹ̀. Ó bọ́ fìlà. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, èèpo ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ìyàwó rẹ̀ figbe ta, àwọn aládùúgbò sì yọjú.

“Àwẹ̀ró,” ló wí, “mo pa Àṣàkẹ́. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀, mo sì pa á kí ojú má baà tì mí lójú àlejò. Mo rí ọ tí o ń jẹ ẹ́, n kò sọ fún ọ. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ pé ẹran ni, ẹran ni. Mo ṣẹ̀ ọ́. Dákun, ọmọ mi, foríjì mí.”

Àwẹ̀ró gbé awẹ́ igbá ẹ̀gúsí kúrò lórí itan rẹ̀, ó lóṣòó síwájú bàbá rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ títí. Nígbà tí ohùn náà jáde, ó ha bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì pa fún ọjọ́ pípẹ́.

“Ẹ tún un sọ,” ni ó wí.

Ọdẹ́jìnmí tún un sọ. Ó sọ fún mi pé ìgbà mẹ́fà ni òun sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ilẹ̀ ni òun sì wà ní gbogbo ìgbà tí òun ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé, ẹ lè máa lọ.